Mullu: Ìkarahun Pupa Tí Wọ́n Fi Ń Bọ́ Òkè

Ní Àgbádárìgì, bí a bá rí ìkarahun òkun lọ́rùn ọmọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Oǹdè ni. Bí owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún bá wà nínú àtẹ, a mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ dá ẹẹ́rìndínlógún. Ojú yìí náà la fi ń wo àwọn ère ìkarahun pupa wẹ́wẹ́ tó wá láti òkè Andes, ní Peru àti Bolivia, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. A rí ihò okùn lára òmíràn nínú wọn, a ní oǹdè àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Oǹdè ń ṣọ́ ẹni tó so ó mọ́ra. Ìkarahun yìí, oúnjẹ ni.

Yorùbá ní "bọ" fún òrìṣà, ó ní "bọ́" fún ọmọ. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn ará Andes, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkè rọ òjò fún òun gbọ́dọ̀ fún òkè náà ní ohun tó máa jẹ, ohun tí òkè sì ń jẹ ni mullu.

Mullu ni orúkọ rẹ̀ ní Quechua, èdè àwọn ará Andes. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Spondylus, oríṣi méjì ló sì kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni Spondylus princeps, tí àwọn ìwé tuntun ń pè ní Spondylus crassisquama. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ẹ̀gún sì hù lára rẹ̀ bí ẹ̀yìn òòrẹ̀. Èkejì ni Spondylus calcifer. Òun ló tóbi jù, ó nípọn, ó lè wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ sì wà ní etí inú. Awẹ́ méjì ni ìkarahun kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàdé bí ìkòkò àti ọmọrí. Nígbà tó wà láàyè, ojú wẹ́wẹ́ tò sí etí ẹran ara rẹ̀; bí òjìji bá kọjá lórí rẹ̀, pàó, ó ti pa ilẹ̀kùn dé. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn gbà pé ohun tó ń ríran ni.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé, láti etíkun Mexico wá sí Ecuador àti ìkangun àríwá Peru. Tí a bá kọjá ibẹ̀ lọ sí gúúsù, ìṣàn omi tútù tí wọ́n ń pè ní Humboldt ló gba gbogbo etíkun, ìkarahun yìí kì í sì í gbé inú òtútù. Ìyẹn ni pé ará Cuzco, olú ìlú àwọn Inka, tó ń jọba lórí òkè Andes kí àwọn ará Sípéènì tó dé, tó wà ní nǹkan bíi mítà 3,400 lókè ìtẹ́jú òkun, kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ ṣà á ní etíkun tó sún mọ́ òun. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, lẹ́yìn ènìyàn, nínú ọkọ̀, àti lẹ́yìn llama, ẹranko kan tó jẹ́ ìbátan ràkúnmí àmọ́ tí kò ní iké.

Kí ará Àgbádárìgì má fi èyí rẹ́rìn-ín o. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ná ọjà níbí kì í ṣe ọmọ òkun wa. Ẹni tó bá rin etíkun láti Gbẹ̀rẹ̀fú dé ibi tó bá wù ú kò ní rí ẹyọ kan ṣoṣo ṣà, nítorí erékùṣù Maldives, ní òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o wá. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò tún ń kó èyí tó tóbi jù ú lọ wá láti Zanzibar. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sójú okùn kan, àádọ́ta okùn ló di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan. Ohun tó wá láti òkèèrè la fi ṣírò ọrọ̀ ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà ni pé ẹyọ wa di owó. Àwọn kan ń pe mullu náà lówó, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kò jọ ti owó rárá: ohun tí a ń lọ̀ di ìyẹ̀fun, tí a ń rì sínú omi, tí a ń sin mọ́ òkè, kò ṣeé fi san gbèsè.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe máa rí i. Calcifer ṣì ń wà níbi tí omi ò jìn púpọ̀, àmọ́ princeps máa ń wà nísàlẹ̀ tó tó mítà 15 sí 30, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lẹ̀ mọ́ àpáta, ọwọ́ lásán ò lè tú u. Àwọn ará Chimú, ní àríwá Peru, ya àwòrán iṣẹ́ náà sára yẹtí àti ìkòkò wọn: ọkọ̀ wà lókè, okùn sọ̀ kalẹ̀, òmùwẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìkarahun. Òkúta ni wọ́n ń so mọ́ ara kí wọ́n lè tètè rì. Nínú eegun òkú àwọn ará etíkun Ecuador àtijọ́, wọ́n rí eegun tó hù sínú ihò etí, irú èyí tó máa ń hù fún ẹni tó ń rì sínú omi léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, kí iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, etí ẹnì kan ti di lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1526, ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì tí Bartolomé Ruiz ń tù pàdé ọkọ̀ igi balsa kan létíkun Ecuador, tó kún fún ọjà: fàdákà, wúrà, aṣọ olówu, aṣọ onírun. Ìròyìn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sọ pé ìkarahun òkun kan ni àwọn ọlọ́jà náà fẹ́ fi gbogbo ẹrù yìí pààrọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa bíi iyùn. Iyùn ni àfiwé tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọba wa nínú iyùn mọ ìdí rẹ̀: pupa tó ti inú omi jáde kì í ṣe pupa ẹlẹ́gbẹ́ osùn.

Kí wá ni òkè ń fi í ṣe? Ìtàn kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Quechua ní agbègbè Huarochirí, ní Peru, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló dáhùn jù. Ọ̀tẹ̀ dìde sí ọba Inka, ó pe gbogbo òrìṣà kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́, Macahuisa nìkan ló gbà. Ọmọ Pariacaca ni, òrìṣà òkè àti ìjì. Ẹni tó bá mọ Ṣàngó ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó fi òjò àti mànàmáná fọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ náà túútúú. Inú ọba dùn, ó gbé oúnjẹ wá fún un. Macahuisa ní òun kì í jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé mullu wá. Wọ́n gbé e wá, ó sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. "Kap kap" ni ìtàn náà fi pe ìró eyín rẹ̀. Àwa ì bá ní ó rún un wómúwómú.

Bernabé Cobo, àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ Jesuit tó parí ìwé rẹ̀ ní 1653, sọ apá kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbin oko tán, wọ́n máa ń fi ìkarahun òkun bọ àwọn ìsun omi kí omi má bàa gbẹ, wọ́n á ní ọmọ òkun ni ìkarahun, òkun sì ni ìyá gbogbo omi. Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ṣe lọ. Òkun ò lè gun òkè, ìsun ò sì lè sọ̀ lọ bẹ òkun. Ẹ bá gbé ọmọ òkun lọ fún ìsun, kí ó lè rántí ilé. Ìdí nìyí tí ìkarahun náà kò fi nílò kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ohunkóhun kó tó ṣiṣẹ́. Awẹ́ odindi ń jẹ́, èérún ń jẹ́, ìyẹ̀fun náà ń jẹ́. Nínú ìtàn àwọn ará Lambayeque, ní etíkun àríwá Peru, nípa ọba Naymlap, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìjòyè kan wà tó ń jẹ́ Fonga Sigde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wọ́n ìyẹ̀fun ìkarahun sílẹ̀ níbi tí ọba máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Iṣẹ́ ààfin gidi.

Tí wọ́n bá wá gbẹ́ ẹ, bí ère ṣe rí ló ń sọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Llama ni wọ́n gbẹ́ jù fún ìbísí agbo ẹran, wọ́n sì gbẹ́ ènìyàn pẹ̀lú. Ní orí òkè Llullaillaco, mítà 6,739, ní ààlà Argentina àti Chile, Johan Reinhard àti Constanza Ceruti rí òkú àwọn ọmọ mẹ́ta tí àwọn Inka fi rúbọ, ní 1999. Ère wẹ́wẹ́ ènìyàn àti llama wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wúrà, fàdákà, àti mullu. Àwọn mẹ́ta yìí máa ń rìn pọ̀. Ní adágún Titicaca, tó ga ju mítà 3,800 lọ, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde ní 2020 pé àwọn rí àpótí òkúta kan nísàlẹ̀ omi: llama kan tí wọ́n fi mullu gbẹ́ àti bébà wúrà tí wọ́n ká bí òpó kékeré ló wà nínú rẹ̀. Láti etíkun Ecuador dé ibẹ̀ lé ní kìlómítà 1,500. Ọmọ òkun rìn gbogbo ọ̀nà yẹn kó tó padà sínú omi.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ju Inka lọ dáadáa. Ní Chavín de Huántar, ilé òrìṣà àtijọ́ kan ní Peru, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ òrìṣà kan sára òkúta tó di mullu mú lọ́wọ́ kan, tó sì di ìkarahun Strombus, èyí tí wọ́n ń fun bíi kàkàkí, mú lọ́wọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé abo ni mullu, akọ ni Strombus. Èyí rọrùn fún àwa tí a mọ tibi-tire láti gbà. Èyí tí kò dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀ ni àlàyé àwọn tó ní mullu jẹ́ àmì ojú ọjọ́, pé bí El Niño bá ti fẹ́ mú omi gbígbóná wá sí gúúsù, ìkarahun yìí á bá a wá, àwọn àlùfáà á sì mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ àpáta kì í tètè ṣí lọ báyẹn. Kí ó tó dàgbà tó ohun tí ènìyàn lè rí, òjò tí wọ́n ń retí ti rọ̀ tán.

Nígbà tí àwọn àlùfáà Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í gba òrìṣà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, mullu ò tán, ó kàn kéré sí i ni. Pablo José de Arriaga, ọ̀kan nínú wọn, tó kọ ìwé rẹ̀ ní 1621, sọ nípa èérún kan tó kéré ju èékánná lọ tí wọ́n rà ní reale mẹ́rin, owó fàdákà àwọn ará Sípéènì. Wọ́n ń fi pamọ́ pẹ̀lú conopa, òkúta wẹ́wẹ́ tó dà bí llama tàbí ọmọ àgbàdo tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń bọ nínú ilé. Conopa gan-an ló sún mọ́ oǹdè wa, nítorí òun ni bàbá ń fún ọmọ. Mullu ni oúnjẹ tí conopa ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi iṣẹ́ ọwọ́, torí ibẹ̀ ni àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń tan ènìyàn jù. Ní Cabeza de Vaca, ní Tumbes, wọ́n hú ilé iṣẹ́ mullu àwọn Inka jáde, pẹ̀lú èérún àti iṣẹ́ tí wọn ò parí. Agbẹ́gilére mọ̀ pé irú ìyẹn ló ń fi ọ̀nà han ènìyàn ju iṣẹ́ tó dán lọ.

Ìkarahun náà kì í ṣe ẹyọ kan délẹ̀. Ipele méjì tí èròjà wọn yàtọ̀ ni: calcite lóde, aragonite nínú. Ààlà méjèèjì ni ibi tó máa ń ṣí bí èèpo igi tí wọ́n bá fi agbára lù ú. Lára princeps, àwọ̀ pupa wà nínú ipele òde, kì í sì í ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, funfun ni. Nítorí náà oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀yìn llama máa wà kó tó gé ohunkóhun, kí pupa lè bọ́ sí ẹ̀yìn, kí funfun bọ́ sí ikùn. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ jù, pupa á tán, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Ìyàn ìkarahun ló ṣáájú. Kòkòrò òkun àti kànìnkànìn òkun máa ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè. Ẹ fi irin kékeré kàn án: èyí tó dára á dún gooro, èyí tí wọ́n ti jẹ á dún bí igbá tó sán. Ìyẹn dára fún ìyẹ̀fun, kò dára fún ère. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gún, tí wọ́n ń fi òkúta kékeré kàn kúrò díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí a bá kàn án láti òkè, á fa ipele pupa jáde, á sì fi ojú ọgbẹ́ funfun sílẹ̀.

Gígé rẹ̀, iyanrìn ló ń ṣe é, kì í ṣe abẹ. Líle ìkarahun wà láàárín 3 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Iyanrìn quartz, irú èyí tó kún etíkun wa, jẹ́ 7. Okùn tàbí abẹ òkúta tó tẹ́ẹ́rẹ́, omi, àti iyanrìn ti tó. Wọ́n á fa ojú ilà sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á yí i padà, wọ́n á fa òmíràn tó dojú kọ ọ́. Ìgbà tí ohun tó kù láàárín kò bá ju ìdá mẹ́ta lọ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kánjú ṣẹ́ ẹ á rí i pé kò ní gba ojú ilà. Ibi tó bá tín-ín-rín ló máa gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi òkúta iyanrìn àti omi lọ̀ ọ́ sí ìrísí, bí a ṣe ń lọ ata lórí ọlọ, síwá sẹ́yìn, kì í ṣe yípo.

Lílu ihò ló ń pa iṣẹ́ jù. Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń lù ú, kí ihò pàdé láàárín. Ìdí nìyí tí ihò ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ fi fẹ̀ lẹ́nu méjèèjì, tó há láàárín. Bí a bá lù ú láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa yọ lódì kejì á fọ́ ní ìpẹ́. Tí ihò kan bá tọ́ láti òkè dé ilẹ̀ bíi ihò ìṣó, tí wọ́n ní ohun àtijọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dírílì oníná ló lù ú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú iṣẹ́ yìí ní Àgbádárìgì kò nílò Spondylus rárá. Ecuador fòfin de pípa á láti 2009, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìkarahun funfun tó nípọn tí a ń ṣà ní etí ọ̀sà àti òkun ti tó, kó ṣáà ti nípọn tó mìlímítà 6. Ẹ má lo èyí tó pele bíi bébà, tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má sè é, ẹ má sì fi bílíìṣì kàn án: méjèèjì ń pa ohun tó so ó pọ̀ nínú, ojú rẹ̀ á wá máa hó lọ́wọ́ bí ṣọ́ọ̀kì. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń jẹ ẹ́, nítorí náà kí ẹni tó ń bó ọsàn fọwọ́ kó tó mú u.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya llama náà láti ẹ̀gbẹ́, kó gùn tó mìlímítà 30, kó ga tó 25. Ẹ má ya ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí iwájú jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ kàn fa ilà sí àárín wọn, torí ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kán, ọrùn ló tẹ̀ lé e. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa fi gé e, nínú abọ́ omi. Sáńpépà dúdú tó ń gba omi ló kàn: nọ́ńbà 120 fún ìrísí, 240, 400, 800, kí ẹ parí rẹ̀ ní 1500. Ẹ má fo nọ́ńbà kankan. Ojú ìlà tí nọ́ńbà 120 fi sílẹ̀, tí ẹ fo kọjá, kò ní hàn àfi ìgbà tó bá gbẹ. Fún ihò okùn, abẹ́rẹ́ dírílì mìlímítà 1.5 ló dára, kó jìnnà sí etí tó mìlímítà 3, ìdajì láti ìhín, ìdajì láti ọ̀hún. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn bí èékánná tó ń jó, omi ti tán níbẹ̀, ìkarahun ti ń gbóná, á sì yí àwọ̀. Òróró àgbọn díẹ̀ lórí awọ rírọ̀ ni ìdán ìkẹyìn.

Ìbòmú ṣe pàtàkì, kódà pẹ̀lú omi. Eruku ìkarahun tó gbẹ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń gbà.

Àwọn tó bá ṣì fẹ́ ra mullu gidi, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí wọ́n bá ní wọ́n hú láti inú ilẹ̀ Peru, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìjọba ibẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀, òfin ò sì gbà kó jáde. Nínú àwọn tuntun, ike pọ̀. Abẹ́rẹ́ tó gbóná á wọ inú ike, kò ní wọ ìkarahun. Èyí tí wọ́n pa láró máa ń dúdú jù nínú ojú sísán àti inú ihò okùn, nígbà tó jẹ́ pé lára mullu gidi, àwọ̀ ń lọ ní ìlà-ìlà: pupa, ọsàn, funfun. Ẹ fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wo ihò rẹ̀. Kó má sì wà nínú oòrùn pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá.

Omi funfun tó máa kù nínú abọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má dà á sínú páìpù, á sùn sí ìsàlẹ̀, á di bíi sìmẹ́ǹtì. Ní òkè Andes, òun gan-an ni wọn ì bá gbé lọ síbi ìsun. Níbí, ìdí àgbọn ni kí ẹ dà á sí.